Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi sling olórùka gbé ọmọ rí, kí lójú yín rí?

Ìyá Tọ́mi, Leeds
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá. Mo ra sling yẹn, aṣọ gígùn tó ní òrùka méjì léjìká. Tọ́mi ti pé oṣù mẹ́rin. Tí mo bá ti fi gbé e, kí n tó dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró, ó ti yọ̀ dé ikùn mi. Mo mọ ọmọ pọ̀n o, ṣùgbọ́n eléyìí ń dójú tì mí. Báwo lẹ ṣe ṣe é?

Àdùnní
Ìrù aṣọ yẹn lo ń fà pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fa etí òkè lọ́tọ̀, fa àárín lọ́tọ̀, fa etí ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Etí òkè ló ń di ẹ̀yìn ọmọ mú. Jẹ́ kó kájọ bí ọ̀pọ̀lọ́, kí orúnkún rẹ̀ ga ju ìdí lọ. Kí òrùka sì wà lókè lábẹ́ èjìká. Tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé ọmú, tú u, kó o tún un ṣe.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ fún un ní ọ̀já jàre.

Ìyá Ìbejì
Ẹ gbọ́ tèmi. Oṣù mẹ́ta péré làwọn ìbejì mi pé tí ìyá mi padà sí Ìbàdàn. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn, lífìtì ilé wa bàjẹ́, òkè kẹta la sì ń gbé. Ta ló máa gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ oníjòkòó méjì sọ̀ kalẹ̀? Mo pọ̀n Táíwò sẹ́yìn, mo so ọ̀já lé e, mo wá fi sling gbé Kẹ́hìndé síwájú. Àwọn ni búrẹ́dì, èmi ni ẹ̀wà àárín. Òyìnbó kan dìde fún mi nínú bọ́ọ̀sì, ó tún ń yọjú wo abẹ́ kóòtù mi bóyá ọmọ kẹta wà níbẹ̀.
Ibi tí wàhálà wà ni pé tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti sọ Táíwò kalẹ̀, ti iwájú á fẹ́ yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Mo dúró gbagidi. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ghana ò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn bọ́ sẹ́yìn mi, ó na ọwọ́ méjèèjì. Mo tú ọ̀já. Mo fẹ́ẹ̀ẹ́ sunkún.

Bíọ́lá
"Èmi ni ẹ̀wà àárín" 😂😂😂 mi ò lè mí mọ́

Bàbá Fẹ́mi, Houston
Bàbá wọn ńkọ́?

Ìyá Ìbejì
Ó wà níbi iṣẹ́. Má dá ìjà sílẹ̀ nílé mi.

Bàbá Fẹ́mi, Houston
Ìjà kọ́. Èmi náà fi gbé Fẹ́mi lọ sọ́jà. Ìyá mi rí fọ́tò lórí WhatsApp, wọ́n pè mí láago méjì òru, wọ́n ní ṣé ìyàwó mi ti kọ̀ mí sílẹ̀ ni.

Ṣadé Aránṣọ, Abẹ́òkúta
Mo ń rán an tà, torí náà ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹ wo òrùka yín! Èyí tí mo kọ́kọ́ rán, òrùka báàgì ni mo fi ṣe é, èyí tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n sì jó lójú pọ̀. Àbúrò mi gbé ọmọ oṣù mẹ́jọ sínú rẹ̀, ó ń ro ọkà lórí iná, ó kàn gbọ́ "pá!" Ojú òrùka ti là. Ọlọ́run ló ní kí ọwọ́ rẹ̀ kan wà nídìí ọmọ. Láti ọjọ́ náà, òrùka tí kò lójú kankan ni mò ń lò, mo sì máa ń fi àpò ìrẹsì kọ́ ọ kí n tó tà á. Àdìrẹ ló dáa jù. Ẹ má fi aṣọ òkè dán an wò, ó nípọn, kì í gba inú òrùka kọjá.

Ìyá Tọ́mi, Leeds
Yéè! Mo sáré lọ wo tèmi. Kò lójú. Mo lè mí.

Ìyá Àgbà Mushin
Ẹ máa gbé ọmọ kiri. Ṣebí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa tẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Bùkì
Kò rí bẹ́ẹ̀, mà. Ẹsẹ̀ ọmọ tuntun sábà máa ń tẹ̀ díẹ̀, á sì nà tó bá ń tó ọdún méjì. Tí kò bá nà, ẹ gbé e lọ sọ́síbítù, ó lè jẹ́ pé fítámì D ni kò tó lára rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ ya bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ nínú sling gan-an dáa fún oríkèé ìbàdí. Àgbọ̀n ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́: tó bá lẹ̀ mọ́ àyà ọmọ, kò ní lè mí dáadáa. Kí ojú rẹ̀ hàn, kí orí rẹ̀ ga débi tẹ́nu yín ti lè kàn án.

Ìyá Àgbà Mushin
Ọmọ mẹ́fà ni mo pọ̀n.

Nọ́ọ̀sì Bùkì
Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹsẹ̀ mélòó ló tẹ̀?

Ìyá Àgbà Mushin
Ti ọ̀kan. Ó jọ bàbá rẹ̀.

Bíọ́lá
😂😂 Màmá!

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Mo ṣì ní ẹ fún un ní ọ̀já.

Ìyá Tọ́mi, Leeds
Àdùnní, ó ṣiṣẹ́ o! Mo fa etí òkè bó o ṣe wí, mo yí ilé po lẹ́ẹ̀mẹta, kò yọ̀. Ó ti sùn lọ fọnfọn. Báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́ tí kò fi ní jí?

Ìyá Ìbejì
Ìyẹn ò sí. Dúró síbẹ̀.