Owó mi kò pọ̀: kí ni kí n kọ́kọ́ rà kí n tó wọ pápá eré ìje ọkọ̀?

Ẹni tó béèrè, Akúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mẹkáníìkì ni mí ní ẹ̀bá òpópónà Ọ̀yẹ́mẹ́kún, mo sì ní Honda Civic ọdún 1998 kan tí mo fi ọwọ́ ara mi tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Àwa mẹ́fà fẹ́ máa ṣe ìdíje kékeré lórí ilẹ̀ gbalasa kan tí onílẹ̀ ti yọ̀ǹda fún wa. A ó dí ọ̀nà rẹ̀ pa, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni yóò máa sáré lẹ́ẹ̀kan, a ó sì máa fi aago wọn àkókò tí ó bá lò. Kì í ṣe eré ojú títì rárá, nítorí èmi fúnra mi kórìíra àwọn tó ń sá eré àsápajúdé lójú ọ̀nà Akúrẹ́ sí Ondó.

Owó tí mo tọ́jú fún ohun ìdáàbòbò jẹ́ ₦800,000. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni kí n ra aṣíborí tó dára lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á fún ọlọ́kadà, kí n gba bẹ́líìtì olókùn mẹ́rin tòkúnbọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń kó páàtì wọlé, kí aránṣọ rán ofaróòlù pupa fún mi, kí wẹ́dà sì fi páìpù omi ṣe àgò irin sínú ọkọ̀ náà, kí òrùlé má bàa tẹ̀ mọ́ mi lórí bí ọkọ̀ bá yí. Sílíńdà panápaná ti wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi ní bí mo bá fẹ́ sáré, kí n kọ́kọ́ fi ohun tí yóò dáàbò bò mí han òun. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n fi ṣíwájú, èwo ni kí n sì fi sílẹ̀?

Ọmọ Ondó tó wà ní Jámánì

Àbúrò, inú mi dùn pé o béèrè kí o tó náwó. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń sáré irú ìdíje bẹ́ẹ̀ níbi tí mo wà. Orí ni kí o fi ṣíwájú, kódà bí ìdajì owó rẹ bá lọ sórí aṣíborí nìkan.

Ti ọlọ́kadà àti ti eré ọkọ̀ jọra lójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Yẹ aṣọ inú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o wá lébẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n kọ Snell sí. Ní ọdún 1957 ni wọ́n dá àjọ tó ń jẹ́ orúkọ yìí, tó ń dán aṣíborí wò, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí awakọ̀ eré ìje kan, Pete Snell, fi orí gbọgbẹ́ nínú ìdíje ní ọdún 1956, tí ó sì gba ibẹ̀ kú. Bí lẹ́tà tó tẹ̀ lé orúkọ náà bá jẹ́ M, bíi M2020, ti alùpùpù ni. Bí ó bá jẹ́ SA, bíi SA2020, ti ọkọ̀ ni. Wọ́n máa ń fi iná dán SA wò, wọ́n sì máa ń gbá a mọ́ irin tó rí bí irin àgò ọkọ̀, nítorí irin yẹn gan-an ni orí awakọ̀ lè lọ kọlù nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí gbirigbiri. Wọn kì í fi iná dán M wò. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń gbé ìlànà tuntun jáde, nítorí náà bí SA2025 bá ti dé orí àtẹ, bi àwọn oníṣòwò léèrè bóyá wọ́n ṣì ní SA2020 tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé rí, kí o sì ná an dáadáa.

Má ra àlòkù aṣíborí láéláé. Mo ra ọ̀kan rí lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó búra pé kò já bọ́ rí, ìta rẹ̀ sì ń dán bí awo tuntun. Nígbà tí mo tú aṣọ inú rẹ̀, tí mo ń fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù funfun abẹ́ rẹ̀ kiri, gbogbo rẹ̀ le gbagidi, àfi ibì kan lókè etí òsì tí ó rì wọlé, tí ìlà tín-ín-rín sì wà nínú rẹ̀ bí ìlà ara ẹyin tó sán. Fóòmù yẹn kì í wú padà. Rírún tí ó ń rún ni ó fi ń gba agbára ìgbámọ́ náà kúrò lára orí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sì lè ṣe é.

Awakọ̀ kan ní Ìjàpọ̀

Ṣé èyí kò ti pọ̀ jù? Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni yóò máa sáré, kò sí ẹni tí yóò kọlù ú. Lójú tèmi, aṣíborí ọlọ́kadà tó fún ìbẹ̀rẹ̀, kí ó fi owó tó kù ra táyà tuntun, kí ó sì tún búrékì ṣe.

Ọmọ Ondó tó wà ní Jámánì

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni ẹ sọ nípa táyà àti búrékì, ó sì yẹ kí ó wo méjèèjì fínnífínní. Ṣùgbọ́n igi kò nílò láti máa sáré kí ó tó pa ènìyàn, kòtò náà kò sì nílò rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan, Akúrẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa iná, nítorí mo ti tọ́jú àwọn tí ó jó, n kò sì lè gbàgbé. Wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá tí epo bẹtiróò gbiná mọ́ nígbà tí ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù tó ń dán bí náílọ̀nù. Ibi tí aṣọ bò ló burú ju ibi tí kò bò lọ, nítorí aṣọ náà yọ́ bí àbẹ́là, ó sì lẹ̀ mọ́ awọ rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ la ń yọ ọ́ pẹ̀lú omi àti sùúrù, òun náà sì ń ké. Ẹ jọ̀wọ́, ohun yòówù kí ẹ wọ̀ sókè, kí síńgílẹ́ẹ̀tì, pátá àti ìbọ̀sẹ̀ yín jẹ́ òwú gidi. Òwú ń jó o, ṣùgbọ́n kì í yọ́ mọ́ ènìyàn lára.

Aránṣọ kan, Ọjà Ọba

Ẹ má bínú pé mo dá sí i. Owó ni mo ń wá, síbẹ̀ bí ẹ bá gbé ofaróòlù yẹn wá sọ́dọ̀ mi, n kò ní gbà á. Pólísítà ni okùn ìránṣọ tó kún ṣọ́ọ̀bù mi, náílọ̀nù sì ni eyín ọ̀pọ̀ síìpù tí mo ń lò. Ká tilẹ̀ ní ẹ gbé aṣọ tí iná kì í ràn wá, bí ooru bá kan ojú rírán, okùn yóò yọ́, apá aṣọ yóò sì tú kúrò ní èjìká ní àkókò tí ẹ nílò rẹ̀ jù.

Ti síńgílẹ́ẹ̀tì tí nọ́ọ̀sì wa sọ, ẹ lè dán an wò nílé: ẹ já okùn kan láti etí rẹ̀, kí ẹ fi ìṣáná sí i. Òwú gidi yóò rùn bí ìwé tó jó, yóò sì di eérú tó ń fọ́ lọ́wọ́. Pólísítà yóò ká jọ di kóró dúdú líle. Ẹ kó wọn wá bí ó bá ń rú yín lójú, n kò ní gba kọ́bọ̀.

Ọmọ Ondó tó wà ní Jámánì

Aránṣọ wa, ẹ ṣeun gan-an. Lára aṣọ tí wọ́n rán fún eré ìje, wo nọ́ńbà SFI, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìlànà fún ohun èlò eré ìje. Èyí tí wọ́n kọ 3.2A/1 sí, tí ó sábà máa ń jẹ́ òwú tí wọ́n fi oògùn sí kí iná má tètè ràn án, yóò fún ọ ní bíi ìṣẹ́jú àáyá 3 kí ooru tó jó ara rẹ yán-án-yán-án, 3.2A/5 yóò fún ọ ní 10. Ìṣẹ́jú àáyá 3 kéré lẹ́nu, ṣùgbọ́n jókòó sínú ọkọ̀ rẹ, tú bẹ́líìtì, ṣílẹ̀kùn, jáde, kí ẹnìkan ka aago fún ọ, ìwọ náà yóò mọ èyí tí o fẹ́. Fún owó rẹ, /1 pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ni yóò ṣeé ṣe nísinsìnyí.

Wẹ́dà kan, Ondó

Èmi ni ẹni tí ẹ̀yin mẹkáníìkì máa ń wá bá fún àgò irin yìí, mo sì ti kọ̀ fún ẹni méjì. Páìpù omi ní ojú ìjó, ìyẹn ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin rẹ̀ pọ̀, gbọọrọ láti òkè délẹ̀, ibẹ̀ ló sì lè là nígbà tí ó bá tẹ̀. Síńkì ara rẹ̀ ń ba ojú ìjó tuntun jẹ́, èéfín rẹ̀ sì ń ṣe wẹ́dà fúnra rẹ̀ níbi. Ìlànà FIA, àjọ àgbáyé fún eré ìje ọkọ̀, ní kí irin ńlá ẹ̀yìn awakọ̀ jẹ́ páìpù tí kò ní ojú ìjó, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 45, tí nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ 2.5, tàbí 50 pẹ̀lú 2.0, kí wọ́n sì fi páànù irin tó nípọn tó mìlímítà 3 sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀ ọkọ̀. Bí owó rẹ kò bá tíì ká èyí, fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Àgò burúkú jẹ́ irin líle tí o mọ̀ọ́mọ̀ gbé sí ẹ̀gbẹ́ orí ara rẹ.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Bí kò bá sí àgò irin, ṣé mo ṣì lè lo bẹ́líìtì olókùn mẹ́rin yẹn? Ẹni tó ń tà á ní kò tíì gbó.

Ọmọ Ondó tó wà ní Jámánì

Rárá, àbúrò, èyí ló sì ń bà mí lẹ́rù jù nínú ìwé tí o kọ. Bí òrùlé bá tẹ̀, bẹ́líìtì olókùn mẹ́ta tí ó bá ọkọ̀ náà wá ṣì lè jẹ́ kí ara rẹ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Olókùn mẹ́rin yóò dè ọ́ mọ́ ìjókòó ṣánṣán, orí àti ọrùn rẹ ni òrùlé yóò sì bá. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí kò sí okùn tó gba abẹ́ itan, okùn èjìká yóò fa ti ìbàdí gòkè wá sórí ikùn, níbi tí kò sí egungun. Ọ̀rọ̀ ọrùn náà tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2001, gbajúmọ̀ awakọ̀ eré ìje kan, Dale Earnhardt, kú ní pápá Daytona ní Amẹ́ríkà nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ gbá ògiri: kò sí ohun tó di orí rẹ̀ mú, ìsàlẹ̀ agbárí rẹ̀ sì fọ́. Kí ọdún náà tó parí, NASCAR, àjọ tó ń ṣètò ìdíje náà, ti sọ ọ́ di dandan kí awakọ̀ máa lo ohun tó ń so aṣíborí mọ́ èjìká, irú èyí tí a ń pè ní HANS. Àgò irin, bẹ́líìtì olókùn mẹ́fà àti HANS, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí o rà wọ́n lọ́jọ́ iwájú. Nígbà náà, ka ọjọ́ ara bẹ́líìtì: ọdún 2 ni SFI fún tirẹ̀, nítorí oòrùn ń jẹ okùn náà bí kò tilẹ̀ hàn sójú.

Ẹni tó béèrè

Mo ti fagi lé bẹ́líìtì náà, ofaróòlù náà àti páìpù omi. Aṣíborí SA, aṣọ /1 àti ìbọ̀wọ́ ni mo fẹ́ rà. Mo tún lọ wo sílíńdà panápaná mi: abẹ́ ìjókòó ló ń yí kiri, ọwọ́ aago rẹ̀ sì ti bọ́ sínú pupa, n kò mọ ìgbà tó ti rí bẹ́ẹ̀. N ó ra tuntun, n ó sì fi irin dè é síbi tí ọwọ́ mi yóò tó nígbà tí mo bá wà nínú bẹ́líìtì. Ìyàwó mi ló bá mi fi téèpù wọn orí, ó gbà á gba òkè ìpéǹpéjú, sẹ̀ǹtímítà 59 ni. Ó bọ́ sáàárín ìwọ̀n méjì lórí ìwé ẹni tó fẹ́ tà á fún mi.

Ọmọ Ondó tó wà ní Jámánì

Mú èyí tó kéré, kí o dé e nínú ilé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí o tó yọ lébẹ́ẹ̀lì owó rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kí ó fún, kì í ṣe iwájú orí. Bí iwájú orí bá ń ro ọ́ tàbí tí ó pọ́n, dá a padà. Lẹ́yìn náà, so okùn àgbọ̀n rẹ̀, kí ìyàwó rẹ dúró lẹ́yìn rẹ, kí ó di etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kí ó sì gbìyànjú láti fà á bọ́ síwájú. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò bá ọ mu.