Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ọ̀nà àìgbọkọ̀, àbí ọ̀nà tẹsẹ̀-tọ̀pá-tàga?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ tó yẹ títì inú ọgbà yunifásítì tí ọkọ̀ kì í dá lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ tí wọ́n ti lé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀ báyìí, tí wọ́n sì ń tún un ṣe kí gbogbo èèyàn lè máa lọ kí wọ́n máa bọ̀ níbẹ̀ láìbẹ̀rù. Ẹnì kan ní ká pè é ní "ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀". Ẹlòmíì ní "ọ̀nà àfẹsẹ̀rìn" ló dáa jù. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú "ẹlẹ́sẹ̀". Nínú ìwé tí àmì rẹ̀ pé, kò síṣòro. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi àmì sórí pátákó? Kí ayàwòrán tó kọ ONA ELESE tán, ẹni tó ń kọjá á ti máa wò yí ká bóyá oníwàásù wà nítòsí.

Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn o. Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni ẹsẹ̀ tó wà nínú orúkọ méjèèjì. Ẹni tó jókòó sórí àga onítáyà kì í fẹsẹ̀ rìn, bẹ́ẹ̀ ó wà lára àwọn tí wọ́n torí wọn ń tún títì náà ṣe. Ìrìn nìkan ì bá gbà á, torí ẹni tó wọ ọkọ̀ òfuurufú náà rin ìrìn àjò. "Fẹsẹ̀" yìí ló wá sé e mọ́ta.

Mo tún rí i pé ẹni tó ń kọ ìkéde nípa títì náà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé "A ti ti títì náà pa". Ẹ gbìyànjú ẹ kà á sókè láìkálòlò. Yàtọ̀ sí ti ahọ́n, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an kò tọ́. Ọ̀nà tí a bá tì pa, ẹnikẹ́ni kì í gbà á. Ẹni tó bá ka irú ìkéde bẹ́ẹ̀ á ṣẹ́rí padà, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ń pè pé kó wá máa gbabẹ̀. Ọkọ̀ nìkan ni wọ́n lé kúrò. Ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá "ọ̀nà àìgbọkọ̀", ìyẹn ọ̀nà tí kì í gba ọkọ̀, bí a ṣe ń sọ pé yàrá kan ò gba ibùsùn méjì. Mo mọ̀ pé láìsí àmì, ẹnì kan á kà á bíi pé omidan kan ló kọ ọkọ. Ìyẹn ṣì sàn ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ.

Àwọn kan á bi mí pé ọkọ̀ panápaná ńkọ́, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ńkọ́? Wọ́n á wọlé, torí wọ́n lè fi òpó tó ṣeé yọ sẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ kì í tìtorí ọ̀ràn pàjáwìrì yí padà.

Ṣùgbọ́n "àìgbọkọ̀" ò sọ ju ohun tó sọ lọ, ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò dáadáa nìyí. Nígbà tí wọ́n lé ọkọ̀ kúrò ní títì Strøget ní Copenhagen, olú ìlú Denmark, lọ́dún 1962, títì yẹn di àìgbọkọ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kúrò ní títì kan, bèbè rẹ̀, ìyẹn etí títì tó ga sókè, ò bá ọkọ̀ lọ, kòtò ò bá a lọ, àtẹ̀gùn ò sì bá a lọ. Lọ́dún 1962 yẹn kan náà ni Ed Roberts wọ yunifásítì ní Berkeley, ní California, lórí àga onítáyà. Nígbà tí òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiẹ̀ wá ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, bèbè títì wà lára ohun tí wọ́n bá jà, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 sì ni ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í gé bèbè wálẹ̀ létòlétò. Nítorí náà, orúkọ méjì la nílò, ọ̀kan fún lílé ọkọ̀ kúrò, èkejì fún mímú kí gbogbo èèyàn lè gbabẹ̀, ká má bàa jẹ́ kí àwọn aláṣẹ ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ tán kí wọ́n máa gbayì iṣẹ́ kejì.

Orúkọ kejì tí mo mú wá ni "ọ̀nà tẹsẹ̀-tọ̀pá-tàga", ìyẹn ọ̀nà tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni tó ń fọ̀pá rìn àti ẹni tó wà lórí àga onítáyà lè gbà. A kúkú ń sọ "tọmọdé-tàgbà". Ìdí tí mo fi sọ pé àga, tí mi ò sọ pé kẹ̀kẹ́, ni pé àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere á ní àwọn náà ti wà níbẹ̀. Mi ò sì fẹ́ ká gbé "aláàbọ̀ ara" tàbí "àkàndá ẹ̀dá" wọnú orúkọ náà, torí ìyá tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé náà máa gbabẹ̀.

Ẹnì kan lè ní "tàga" nìkan ti tó. Kò tó, torí ohun tó rọ ẹni orí àga onítáyà lọ́rùn lè ni afọ́jú lára. Ẹni orí àga fẹ́ kí bèbè kúrò pátápátá kí ilẹ̀ tẹ́jú. Bèbè yẹn kan náà ni afọ́jú ń fọ̀pá kàn tó fi ń mọ̀ pé òun ò tíì yà síbi tí ọkọ̀ wà. Bí wọ́n bá tẹ́ ohun gbogbo pẹrẹsẹ láìfi nǹkan kan rọ́pò bèbè, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún ẹnì kan, wọ́n gba ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Òkúta títẹ́ sílẹ̀ fún afọ́jú, èyí tí Seiichi Miyake ṣe ní Japan lọ́dún 1965, ló wúlò níbí; ìlú Okayama ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sí lọ́dún 1967. Èyí tó ní kókó ń sọ pé dúró, ṣọ́ra; èyí tó ní ilà gbọọrọ ń sọ pé máa lọ. Mo pè é ní "òkúta àfọ̀pámọ̀".

Ibi tó gẹ̀rẹ́ kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun, "gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́" ti wà nílé. Ìwọ̀n ló kù. Nínú òfin Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tó bá lọ tó mítà 20 kó tó fi mítà 1 ga ṣì jẹ́ ọ̀nà lásán. Bó bá gẹ̀rẹ́ jù bẹ́ẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, gígùn rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín ní mítà 12 fún gíga mítà 1. Ó dáa kí àlàyé tiwa náà ya méjèèjì sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe máa kọ ìkéde náà rèé: "Títì yìí ti di ọ̀nà àìgbọkọ̀. Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ láti sọ ọ́ di ọ̀nà tẹsẹ̀-tọ̀pá-tàga." Ẹni tó bá rò pé "àfẹsẹ̀mọ̀" dáa ju "àfọ̀pámọ̀" lọ fún òkúta yẹn, kó sọ ìdí. Èmi náà ń rò ó, torí àtẹ́lẹsẹ̀ máa ń mọ kókó rẹ̀ lára.