Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ampilifáyà alápapọ̀ rọ́pò rẹ́díò onípele, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Ìtòkò:
Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde. Onípele ni èyí tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan dá dúró, tí a tò wọ́n léra; alápapọ̀ ni èyí tó kó iṣẹ́ wọn sínú àpótí kan.

Ní pálọ̀ wa ní Ìtòkò, l'Abẹ́òkúta, kọ́bọ́ọ̀dù kan ni bàbá mi to tiwọn sí. Ẹ̀rọ àwo wà lókè pátápátá, tọ́nà tó ń gbé rẹ́díò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà dẹ́ẹ̀kì kásẹ́ẹ̀tì, preamp tó ń pèsè ohùn sílẹ̀ fún ampilifáyà, ìkúàláísà tí a fi ń tún béèsì àti ohùn tín-ín-rín ṣe, tí iná rẹ̀ máa ń fò sókè sódò, àti ampilifáyà ńlá tí ẹnì kan ò lè dá gbé. Iwájú rẹ̀ wuyì, ẹ̀yìn ni ẹjọ́ wà. Wáyà pupa àti funfun ti lọ́ mọ́ra wọn, eku ti fẹnu ba òmíràn. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, "hùùùn" lẹ óò kọ́kọ́ gbọ́.

Oníṣẹ́ rẹ́díò kan ní Lafenwa ló là mí lọ́yẹ̀. Ó ní bí ẹ̀rọ púpọ̀ bá so mọ́ra wọn, tí ẹ́ẹ̀tì wọn (wáyà tó lọ sílẹ̀) sì pàdé lójú ibi tó ju ẹyọ kan lọ, iná díẹ̀ á máa yí po láàárín wọn, ariwo 50 Hz tó wà nínú iná ìjọba á sì gba ẹnu sípíkà jáde. A bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. A yọ ìkúàláísà, ó dín kù. A yọ dẹ́ẹ̀kì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná gan-an ló jẹ́ kí n pààrọ̀ rẹ̀. Class AB ni wọ́n ń pe irú ampilifáyà àtijọ́ yẹn. Bí orin ò tiẹ̀ dún, ara rẹ̀ ń gbóná, ológbò wa ti sọ orí rẹ̀ di bẹ́ẹ̀dì. Ínfátà wa ò lè rù ú. Class D ni wọ́n ń pe irú èyí tí mo rà. Tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 iná tó bá gbà ló lè dé ọ̀dọ̀ sípíkà, díẹ̀ ló ń ṣòfò di ooru. Wọn ì báà mú iná lọ lálẹ́, orin wa ò dúró mọ́. Wi-Fi, Bluetooth àti ojú HDMI fún tẹlifíṣọ̀n, inú àpótí kan náà ni gbogbo wọn wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àwo, ẹ fetí sí èyí. Iná ohùn tó ń ti ara abẹ́rẹ́ MM, irú abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àwo tó wọ́pọ̀, jáde kò ju nǹkan bíi 5 mV (ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún fóltì kan) lọ, nígbà tí ẹ̀rọ CD ń gbé bíi 2 V jáde. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n máa ń dín béèsì kù, wọ́n sì máa ń gbé ohùn tín-ín-rín sókè, nígbà tí wọ́n bá ń gé àwo. RIAA ni ìlànà ọ̀hún ń jẹ́, láti 1954. Ojú tí wọ́n kọ PHONO sí ló ń dá a padà sí bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá ki ẹ̀rọ àwo bọ AUX, ojú lásán tí kò ní àtúnṣe yẹn, Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Ìtòkò bíi tèmi, á dà bí ẹni tó ń kọrin láti inú agolo mílíìkì. Kì í ṣe gbogbo alápapọ̀ ló ní PHONO, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú:
Tèmi ò dùn o. Wọ́n dá iná padà lọ́jọ́ kan, ó wá pẹ̀lú agbára, ló bá pa alápapọ̀ wa. Nígbà tí a ṣì ń lo onípele, bí dẹ́ẹ̀kì bá kú, a ó máa gbọ́ rédíò lọ. Báyìí, kẹ́kẹ́ pa. Ẹni tó tà á fún wa ní bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni, ká lọ ra òmíràn. Owó wo?

Bàbá Kútọ̀:
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ní kí ẹ ta ti àtijọ́? Alápapọ̀ tèmi ní ojú kan tí wọ́n kọ PRE OUT sí, tó ń gbé ohùn jáde fún ampilifáyà mìíràn, ibẹ̀ ni mo ti fa wáyà lọ sínú ampilifáyà ńlá mi. Ojoojúmọ́, kékeré ló ń ṣiṣẹ́. Tí ìnáwó bá dé, mo tan àgbà.

Ẹ tún wo iye ohm (bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó) tó wà lẹ́yìn sípíkà yín. Bí ẹ bá so sípíkà 8 ohm méjì mọ́ ojú kan náà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, 4 ohm ni ampilifáyà máa rí, iná tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ rẹ̀ á pọ̀ sí i, kì í ṣe gbogbo kékeré ló lè fara dà á.

Ọmọ Ìtòkò:
Bàbá, ẹ kú àgbà. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rárá, màá wo ẹ̀yìn tèmi lálẹ́ yìí.

Ìyá Aládìrẹ, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má tíì jù ú nù. Bí iná bá wọlé pẹ̀lú agbára, apá tó ń gba iná wọlé ló sábà máa ń kọ́kọ́ fara gbá a. Ẹ ní kí wọ́n yẹ fíúsì àti apá yẹn wò ná, ó lè má dé bọ́ọ̀dù ńlá. Bó bá jí, ẹ fi sítéébíláísà sí i. Kí ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ bá mi ya fọ́tò rẹ̀, kí n fi han oníṣẹ́ Lafenwa yẹn.