Sáfà tí mo kó wọ Proxmox kò dìde lórí VirtIO

Ẹ kú iṣẹ́ o. Sáfà àtijọ́ ọ́fíìsì wa l'Ádó-Èkìtì, Windows Server 2012 R2, ni mo fẹ́ kó wọ Proxmox, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan gbé àwọn kọ̀ǹpútà àfarawé mìíràn sínú. Ibẹ̀ kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gé e ni. Disk2vhd, irinṣẹ́ tó ń da dísíkì kọ fáìlì, ni mo fi ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Lórí SATA (ọ̀nà ìsopọ̀ dísíkì tó wọ́pọ̀) ó ń dìde, àmọ́ ó ń wọ́ bí ìgbín. Mo fi dráífà VirtIO (ọ̀nà ìsopọ̀ tó yá jù fún kọ̀ǹpútà àfarawé) sí i láti inú fáìlì ISO rẹ̀, mo yí dísíkì sí VirtIO, ló bá gbé ojú búlúù jáde: INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE, ìyẹn ni pé Windows kò rí dísíkì tó fẹ́ fi dìde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n tún Windows fi sí láti ìbẹ̀rẹ̀; ẹni tó kọ ètò ìṣirò owó tó wà nínú rẹ̀ ti kúrò tipẹ́.

Báwo ni mo ṣe lè mú kí Windows lo dráífà náà látìgbà tó bá ti ń dìde, láìlo íntánẹ́ẹ̀tì?