Wọ́n fún ọrùn ọwọ́ mi ní 10%, wọ́n kọ ti iṣan: ọ̀nà wo ni kí n gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà?

Mẹkáníìkì Texas:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn kíákíá. Ọdún kan tí òfin fún mi lórí lẹ́tà ìpinnu VA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn ológun fẹ̀yìntì, ti fẹ́ pé.

Ọ̀nà MAVNI, ètò tí wọ́n fi ń gba àjèjì tó gbọ́ èdè tí wọ́n nílò, ni mo gbà wọ iṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń wá. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ ni wọ́n fún mi, 91B. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí mọ bó ṣe rí: sípánà láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà tó ń gbọn èèyàn dé èjìká. Ọwọ́ ọ̀tún ti ń dùn mí kí n tó kúrò níbẹ̀. Mo lọ sí sick call, ibi tí ológun tí ara rẹ̀ kò yá ti ń gba ìtọ́jú, nítorí rẹ̀, ó sì wà nínú ìwé. Ti òsì kò sí nínú ìwé kankan, ńṣe ni mo ń fara dà á.

Ní báyìí, tí mo bá ti sùn, àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ọwọ́ méjèèjì á kú tipiri. Òru kì í kọjá kí n má jí gbọn ọwọ́. Ife ń já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyàwó mi ló ń bá mi de bọ́tìnì ẹ̀wù. Mi ò lè ro àmàlà mọ́, ọmọrogùn kì í dúró lọ́wọ́ mi.

Ìpinnu wọn: 10% fún ọrùn ọwọ́ ọ̀tún (ìwọ̀n àìlera tí wọ́n fi ń ṣírò owó oṣooṣù nìyẹn), lábẹ́ nọ́ńbà 5215 nínú ìwé ìdíwọ̀n wọn. Carpal tunnel syndrome, ìyẹn iṣan ìmọ̀lára tó fún mọ́ ọrùn ọwọ́, wọ́n kọ̀ ọ́ lápá méjèèjì. Wọ́n ní kò sí àyẹ̀wò tó fi hàn pé mo ní in, kò sì sí ohun tó so ó mọ́ iṣẹ́ ológun. Lẹ́yìn lẹ́tà yẹn ni mo fowó ara mi ṣe EMG, àyẹ̀wò tí wọ́n fi iná ṣe fún iṣan ìmọ̀lára. Ó fi hàn pé mo ní in lọ́wọ́ méjèèjì, "moderate" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé ó wà láàárín.

Ṣé Higher-Level Review ni kí n béèrè ni, àbí Supplemental Claim, àbí kí n kọjá sí Board, ìgbìmọ̀ adájọ́ VA? Ẹnì kan tún pè mí pé òun á bá mi ṣe gbogbo rẹ̀, kí n ṣáà fún òun ní ìlọ́po márùn-ún àlékún tó bá wọlé lóṣooṣù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Ìbejì, Maryland:
Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Látìgbà tí òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2019, ọ̀nà mẹ́ta tó o dárúkọ yẹn ló wà. Higher-Level Review, kìkì ìwé tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ ìpinnu ni wọ́n máa wò. EMG tó o ṣe lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò ní kà á rárá. Nítorí náà, má gba ibẹ̀. Supplemental Claim ni tìrẹ, fọ́ọ̀mù 20-0995, torí ẹ̀rí tuntun tó kan ọ̀rọ̀ ló ń béèrè, ó sì ti wà lọ́wọ́ rẹ.

Board náà gba ẹ̀rí tuntun tó o bá yan ìlà tó fàyè gbà á lórí fọ́ọ̀mù 10182, adájọ́ ló sì máa dá a, ṣùgbọ́n ibẹ̀ máa ń pẹ́. Fi í pa mọ́. Tí wọ́n bá kọ Supplemental, ọdún kan mìíràn á tún bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ lẹ́tà tuntun, wàá sì lè lọ síbẹ̀ nígbà náà.

Ohun tó jẹ mí lógún jù ni ọjọ́. Tó o bá fi ránṣẹ́ kí ọdún kan tó pé, owó tó bá jáde lè padà dé ọjọ́ tó o kọ́kọ́ béèrè. Tó o bá jẹ́ kó kọjá, ọjọ́ tuntun ni wọ́n máa kà.

Nọ́ọ̀sì Houston:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá sọ, ṣùgbọ́n EMG nìkan ò tó. Ó dáhùn ìdí àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ̀ yín, kò dáhùn ìkejì. Ẹ nílò lẹ́tà dókítà tó ka ìwé iṣẹ́ ológun yín, tó sì sọ pé ó kéré tán, bó ṣe lè jẹ́ pé iṣẹ́ yẹn ló fà á náà ni kò fi lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Gbólóhùn náà lédè wọn ni "at least as likely as not". Lẹ́tà tí kò bá ní àlàyé nínú kì í wúwo lójú wọn. Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe báyìí? Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni, kí dókítà mẹ́nu bà á, kó sọ ìdí tí kì í fi í ṣe òun ló dá a sílẹ̀. Tí kò bá sọ ọ́, àwọn ni wọ́n máa sọ ọ́.

Ẹ má fi agbára yín ṣòfò lórí ọrùn ọwọ́ yẹn. Ọrùn ọwọ́ tó dá ṣáṣá ń tẹ̀ sẹ́yìn dé 70 dígírì, ó ń tẹ̀ síwájú dé 80. Lábẹ́ 5215, bí kò tiẹ̀ tẹ̀ tó 15 sẹ́yìn, 10% ni. Ìrora nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ náà lè múni dé 10% yìí, kò sì sí nǹkan kan lókè rẹ̀. Àfi kí oríkèé gan pátápátá, ìyẹn 5214, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Iṣan ni ọ̀rọ̀ wà, nọ́ńbà 8515. Tó bá mọ níwọ̀n, 10% lọ́wọ́ èyíkéyìí. Tó bá wà láàárín, 30% fún ọwọ́ tẹ́ ẹ ń lò jù, 20% fún ìkejì. Tó bá le gan-an láì tíì rọ pátápátá, 50% àti 40%. Ṣùgbọ́n "moderate" tó wà lórí EMG kò túmọ̀ sí pé wọ́n máa fún yín ní 30% lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ pé kíkú tipiri nìkan ló wà lákọsílẹ̀, wọn ò lè kọjá ìwọ̀n àárín, wọ́n sì lè dúró ní 10%. Ẹ jẹ́ kí dókítà wọn agbára ìdìmú yín, kó wo ẹran ìdí àtàǹpàkò bóyá ó ti ń rù, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Atlanta:
Higher-Level Review ló ṣiṣẹ́ fún mi o, torí ìwé sick call mi wà nílẹ̀, ẹni tó yẹ̀ mí wò kò mẹ́nu bà á. Wọ́n rí i pé ó kù síbi kan, wọ́n sì ní kí wọ́n tún mi yẹ̀ wò.

Bàbá Ìbejì, Maryland:
Òótọ́ ni, ọ̀nà gidi ni tó bá jẹ́ pé àṣìṣe wà nínú ohun tó ti wà nílẹ̀. Ti àbúrò wa yìí yàtọ̀. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìpinnu.

Ìyá Tọ́lá, ológun fẹ̀yìntì:
Àbúrò, jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí lọ́kàn nípa àwa ọmọ Yorùbá. Tí wọ́n bá pè ọ́ fún àyẹ̀wò C&P, èyí tí VA fi ń mọ bí àìsàn ṣe le tó, dókítà á ní "báwo ni?", ìwọ á ní "a dúpẹ́, ara le". Bẹ́ẹ̀ náà ló máa kọ ọ́ sílẹ̀, á sì tẹ̀ lé ọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa ṣèpinnu. Ìwà ọmọlúàbí ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ yẹn kọ́ ni àyè rẹ̀. Sọ bó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tó bá le jù, kí o sì sọ iye ìgbà tó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Tí ó bá ní kí o tẹ ọwọ́, dúró níbi tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀, kí o sì sọ pé ibí ni. Má rọ́ ọ kọjá torí ojú ń tì ọ́. Wò ó bóyá ó lo goniometer tí wọ́n fi ń wọn oríkèé. Tó bá jẹ́ ojú ló fi wọ̀n ọ́n, kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Má sì fi ohun kan kún un, òótọ́ rẹ ti tó.

Alágbàwí San Antonio:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fún ẹni yẹn ní kọ́bọ̀. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ológun fẹ̀yìntì bíi DAV, VFW àti American Legion kì í gba owó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ́yà, òfin gbà kó gbowó lẹ́yìn ìpinnu àkọ́kọ́, bó bá ní ìwé àṣẹ VA. 20% owó tó ti kọjá sẹ́yìn ni wọ́n sábà máa ń gbà, VA fúnra rẹ̀ ló sì máa ń yọ ọ́ fún un. Ẹ wá orúkọ ẹni tó pè yín lórí àkọsílẹ̀ VA. Tí kò bá sí níbẹ̀, kò ní ẹ̀tọ́ láti bá yín ṣe é rárá.

Mẹkáníìkì Texas:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mò ń gbé páálí. Màá sọ fún dókítà. Ọwọ́ òsì ńkọ́, tí kò sí nínú ìwé kankan? Ṣé kí n fi sílẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Houston:
Ẹ má fi sílẹ̀ o! Ẹ bi dókítà bóyá òsì bàjẹ́ nítorí pé òun lẹ̀ ń lò jù nígbà tí ọ̀tún ń dùn yín. Òfin gba kí àìsàn kan bí òmíràn. Tó bá gbà bẹ́ẹ̀, kó kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan náà. Kí ìyàwó yín náà kọ ohun tó ń fojú rí sórí fọ́ọ̀mù 21-10210: bọ́tìnì, ọmọrogùn, jíjí lóru. Kí ẹnì kan tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́ ní ọgbà mọ́tò kọ tirẹ̀ pé òun rí yín tẹ́ ẹ ń gbọn ọwọ́ nígbà yẹn.

Bàbá Ìbejì, Maryland:
Gbọ́ ìdí tí òsì fi ṣe pàtàkì. Ká fi ti ọrùn ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. 30% àti 20% lọ́nà ìṣirò wọn jẹ́ 44, wọ́n á sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 40%. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ apá méjèèjì ló ní in, wọ́n máa fi ìdá kan nínú mẹ́wàá 44 yẹn kún un, ó di 48, ó sì gòkè sí 50%. Láti 30% sókè, owó máa ń wà fún ìyàwó àti ọmọ pẹ̀lú.

Tí lẹ́tà dókítà kò bá ní tètè dé, fi 20-0995 pẹ̀lú EMG ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kọ ọ́ síbẹ̀ pé lẹ́tà dókítà ń bọ̀, kí o sì fi í ránṣẹ́ kí wọ́n tó ṣèpinnu. Má dúró kí gbogbo rẹ̀ pé kí ọjọ́ tó kọjá lórí rẹ.

Mẹkáníìkì Texas:
Mo ti pe ọ́fíìsì DAV, wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Tuesday pẹ̀lú EMG náà. Ìyàwó mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀.

Ìyá Tọ́lá, ológun fẹ̀yìntì:
Mú lẹ́tà ìpinnu náà dání, gbogbo ojú ewé rẹ̀.