Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fún ẹnu tó ń jó: ṣé kí n lò ó?

Màmá Bọ́lá: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí ahọ́n àti ètè mi ti ń ta mí bíi pé wọ́n fi ata pa á. Ó máa ń rọ̀ díẹ̀ láàárọ̀, àmọ́ tó bá fi máa di alẹ́, ọ̀rọ̀ sísọ á nira fún mi. Ó tún ń fà mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n yọ eyín kan, ìrora ò lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọn ò rí nǹkan kan. Dókítà tuntun wá kọ amitriptyline 10 mg fún mi, kí n máa lò ó lálẹ́. Ìwé inú páálí ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni. Orí mi pé o! Àbí ó rò pé mò ń díbọ́n ni? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má fẹnu kàn án.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Irú rẹ̀ ṣe mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ eyín mìíràn tí kò bá sí àìsàn lára rẹ̀. Èmi lo oògùn yẹn. Ẹnu mi gbẹ, oorun sì ń kùn mí gan-an níbẹ̀rẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó rí ìyàtọ̀.

Apoògùn: Dókítà yín ò pè yín ní wèrè mà. Tí wọ́n bá ń fi amitriptyline tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì, 75 mg sí 150 mg lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń lò. 10 mg yìí, ìrora ló wà fún. Ó ń fi kún serotonin àti noradrenaline, ìyẹn àwọn kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń dín ìrora tó ń gòkè bọ̀ kù. Ẹni tínú rẹ̀ dùn náà lè lò ó.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ṣe ò sọ pé irọ́ ni ìrora yín. Àwọn olùwádìí ti rí i lára àwọn kan tó ní irú ìrora yìí pé kẹ́míkà bíi TNF-alpha, tí ara máa ń tú jáde níbi tó bá wú, pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń ṣe kì í wá a. Wọ́n ń wò ó bóyá ara iṣẹ́ oògùn yìí ni pé ó ń dín in kù, ọ̀rọ̀ ò tíì parí níbẹ̀. Ẹ bi dókítà yín bóyá wọ́n yẹ iron, fítámì B12 àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, torí àìtó iron tàbí B12, tàbí àpọ̀jù ṣúgà, lè mú kí ẹnu máa jó.

Bàbá Àgbà: Ti èmi, bí iná mànàmáná ló ń gbá mi lójú, láàárín ìṣẹ́jú àáyá á sì lọ. Carbamazepine ni wọ́n fún mi. Ẹ ṣàlàyé ìrora yín dáadáa fún dókítà.

Apoògùn: Òótọ́ ni sà. Mà, àwọn nǹkan kan wà tí kò bá amitriptyline lọ: ṣé ẹ ní àìsàn ọkàn tàbí àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma? Ṣé ẹ ń lo oògùn ìrora tramadol?

Màmá Bọ́lá: Yéè! Mò ń kán oògùn glaucoma sójú. Wọn ò bi mí, èmi náà ò sọ.

Apoògùn: Ẹ má tíì lò ó o. Ẹ pe dókítà láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ sọ orúkọ oògùn ojú yẹn fún wọn. Irú glaucoma kan wà tí amitriptyline lè mú burú sí i. Wọ́n lè bá dókítà ojú yín sọ̀rọ̀, tàbí kí wọ́n wá nǹkan mìíràn. Tí ẹ bá wá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ má kàn dá a dúró lójijì.

Màmá Bọ́lá: Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mà á pè wọ́n.