Àmì dúdú ń pa róòsì mi l'Ádó-Èkìtì, ẹ gbà mí o

Ẹ̀yin ará mi, róòsì tí mọ́mì mi fún mi, látìgbà tójò ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́ ni ewé ẹ̀ ti ń yọ àmì dúdú roboto, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó bá yá á já bọ́, igi ti fẹ́ẹ̀ wà níhòòhò. Mi ò fẹ́ kó kú rárá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn 1
Pẹ̀lẹ́ o àǹtí mi. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, ìyẹn irú èbu kan tó ń ba ewé jẹ́, black spot ni wọ́n ń pe àrùn ẹ̀. Tí ewé bá tutù fún bíi wákàtí 7 ló ń ráyè wọlé. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa bomi sídìí ẹ̀, kó má kan ewé. Ewé tó já sílẹ̀, ẹ ṣa gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ sun ún, ibẹ̀ ló ń sá pamọ́ sí.

Ìdáhùn 2
Ẹ gé ẹ̀ka tó wọnú ara wọn kí atẹ́gùn lè kọjá. Èmi n'Ìkẹ́rẹ́, mancozeb, oògùn tó ń dènà fọ́ńgọ́ọ̀sì, ni mò ń fọ́n, títí kan abẹ́ ewé, mo sì ń tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀. Kì í wo ewé tó ti bàjẹ́ sàn o, tuntun ló ń dáàbò bò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣé gan-an. Alẹ́ ni mo máa ń da omi lé e lórí lóòótọ́. Mo ti ṣa ewé báyìí, ó kún bọ́kẹ́ẹ̀tì kan.